Rédíétọ̀ Tó Ń Jò Lára Ọkọ̀ Àtijọ́: Ibi Mẹ́ta Tí Mo Gbé Tèmi Dé Ní Ìbàdàn

Toyota Camry ọdún 1999 ni mo ń wà, irú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tiny Light. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oní-sílíńdà mẹ́rin, jíà rẹ̀ sì jẹ́ ọtomátíìkì. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ó ti wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, òun náà ni mo sì fi ń lọ kí àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí omi aláwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Kò ju ìwọ̀n ṣíbí mẹ́ta lọ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, mo ti ń bu omi sí i lójoojúmọ́ kí n tó jáde nílé. Láàárín oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ kan ṣoṣo yìí, ohun tó ń mú kí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára tutù, gbé mi dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ méjì àti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀kan sọ òtítọ́ fún mi nígbà tí irọ́ ìbá mú owó wọlé fún un, ẹ̀kẹta sì tà mí ní ohun tí mò ń lò títí di òní. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, fún ẹnikẹ́ni tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ń kán lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun tún rédíétọ̀ ṣe ni tàbí kí òun ra òmíràn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, nítorí òun ló ná mi lówó jù. Kì í ṣe gbogbo omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ló ń ti inú rédíétọ̀ wá. Ó lè jẹ́ pé róbà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, èyí tó so rédíétọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló ti sán. Ó lè jẹ́ pé irin tí wọ́n fi dè é ló ti tú. Ó lè jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù omi, ó sì lè jẹ́ ìdérí rédíétọ̀ lásán, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá wá dájú pé rédíétọ̀ gan-an ló ń jò, ìbéèrè tó kàn ni ibi tó ti ń jò lára rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe ibẹ̀, bóyá ike ni tàbí irin. Ìbéèrè yìí ló ń pinnu bóyá àtúnṣe lè dúró. Iye tó wà lápò ẹni kò lè pinnu rẹ̀, bí ọkọ̀ náà ṣe gbó tó kò sì lè pinnu rẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò bá wá ìdáhùn sí èyí kó tó dárúkọ owó, ẹ rọra kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ ni ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò jìnnà sí ilé mi. Mẹkáníìkì mi ló júwe ibẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ yá lọ́wọ́, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ike òkè rédíétọ̀, nítòsí ẹnu ibi tí róbà òkè ti wọlé, ó ní, “Mọ̀mí, ibí yìí náà ni. Kò ní pẹ́ rárá.” Kò tú rédíétọ̀ náà sílẹ̀. Ó fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, ó fún gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú mẹ́rin láti inú túùbù méjèèjì sórí páálí kan, ó pò wọ́n pọ̀, ó sì fi ọ̀bẹ kékeré lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìlà náà bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ó ní kí n jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí kan kí n tó tan ọkọ̀. Mo san ₦9,000. Omi kò kán lábẹ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógún, mo sì ti júwe ìsọ̀ náà fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan pẹ̀lú ìdùnnú.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mò ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti kọjá Màmú, oòrùn ọ̀sán mú, ẹ́sì sì wà ní títàn. Ọwọ́ géèjì ooru, tí kì í kọjá ìdajì láti ọdún yìí wá, ti gun òkè kọjá ibi tó máa ń dúró sí. Mo pa ẹ́sì, mo sì ń wá ibi tí etí títì ti fẹ̀ díẹ̀ kí n lè yà sí i. Kí n tó rí ibẹ̀, ọwọ́ náà ti kan ojú pupa, èéfín funfun ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn kan tó dùn bíi ti ṣúgà tó jóná sì ti kún inú ọkọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé gọ́ọ̀mù náà ti ṣí kúrò lórí ike ní odindi, bí èépá ojú egbò tó ti jinná, ó sì wà lórí bátìrì níbi tí omi gbígbóná ta á sí. Lábẹ́ ibi tó ti ṣí kúrò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo rí lọ́jọ́ kìíní ti gùn tó ìka mi.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró fún mi, Ọlọ́run ó bá mi san án fún un, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi wá, ó sì ti na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ kí n tó pariwo pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí lásán. Ó ní sípíríǹgì nínú tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà bíi 0.9 tàbí 1.1 tí wọ́n ń kọ sórí ti Toyota ni ìwọ̀n agbára tí ó fi ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí, omi inú ọkọ̀ kì í hó ní 100°C bíi ti inú ìkòkò, ó di nǹkan bí 120°C kó tó hó. Bí a bá ṣí ìdérí lójijì nígbà tó gbóná, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yóò lọ, gbogbo omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Omi tútù tí a bá sì dà sórí irin tó gbóná janjan lè mú kí irin náà sán. A dúró fún wákàtí kan ó lé, títí ọwọ́ wa fi lè dúró lórí róbà òkè láìjó wa.

Orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí, alumíníọ̀mù ni, ṣùgbọ́n irin ni búlọ́ọ̀kù tó gbé orí náà dúró. Bí ooru bá pọ̀ jù, orí yìí á wọ́ díẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín méjèèjì á jó, omi á máa wọ inú epo ẹ́ńjìnnì, epo náà á sì funfun bíi mílíìkì. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní sọ̀rọ̀ owó rédíétọ̀ mọ́. Èmi bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé mo tètè pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n owó tí mo fi wọ́ ọkọ̀ náà dé Ìbàdàn jẹ́ ₦35,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin owó gọ́ọ̀mù.

Mo padà sí ìsọ̀ náà láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó ní ibòmíràn ló bẹ́, kì í ṣe ibi tí òun ṣe, ó sì ní kí n mú ₦9,000 mìíràn wá. Ohun tí mo ní sí i kò ju èyí lọ: ó mọ̀ pé gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ lórí ike tó wà nínú ooru, kò sì sọ fún mi. Ike orí rédíétọ̀ ti gbóná, ó ti tutù, ó ti tún gbóná ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láti ọdún 1999. Ó ti gan, ó ti di ohun tó ń fọ́ bí ìkarahun. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ike yìí á wú, bí ó bá tutù, á sún kì, gọ́ọ̀mù tó le bí òkúta kò sì lè bá a wú kó bá a sún kì. Bí ó bá ti sọ fún mi pé gọ́ọ̀mù yìí yóò gbé mi dé ọjà tí n óo ti ra òmíràn, pé kí n má gbé e jáde ní Ìbàdàn, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú rárá, nítorí pé iṣẹ́ tó tọ́ sí gọ́ọ̀mù nìyẹn. N kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ẹnìkan níbẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da ìyẹ̀fun tó ń dí ihò sínú omi, tàbí kí n fọ́ ẹyin sí i. Mo kọ̀, nítorí pé ohun tó lè dí ihò tó ń jò lè dí ìfun rédíétọ̀, ìyẹn àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà nínú rẹ̀, tí kò jò pẹ̀lú, kò sì ní ojú tó fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí èyí.

Ibi kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Lágbègbè Mọ́kọ́lá, nínú àgbàlá kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò hàn sí títì, bàbá kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju rédíétọ̀ lọ. Kò gbé pátákó sí ìta. Àwọn rédíétọ̀ àtijọ́ tó tò sára ògiri ló ń júwe ibẹ̀, ti bọ́ọ̀sì, ti jẹnẹrétọ̀ ńlá, ti katakata. Mẹkáníìkì mi ti tú tèmi sílẹ̀, a gbé e wá nínú àpò ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá, ó dáhùn, ó wo inú àpò náà, kí n tó la ẹnu ó ti ní, “Ìyá wa, ta ló fi gọ́ọ̀mù sí èyí?” Nígbà tí mo ròyìn tán, n kò gbọ́ kí ó dárúkọ owó kankan. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa sọ.”

Ó ní dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n là sí méjì ní ìbú, tó kún fún omi. Ó fi róbà tó gé láti inú tíúbù táyà dí ẹnu rédíétọ̀ náà, ó fi ẹnu tíúbù sí ojú kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ní géèjì. Ó ń wo géèjì yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń rìn létí kànga. Kò jẹ́ kí ó kọjá 15 psi, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì atẹ́gùn inú táyà, nítorí pé agbára tí ìdérí rédíétọ̀ ń gbà kò ju nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbé rédíétọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkánáísà, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i láìwo géèjì, èyí tí kò jò tẹ́lẹ̀ á sì bẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Láti ibi tí gọ́ọ̀mù wà, atẹ́gùn tú jáde gùdùgùdù, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ní kí n wo ẹ̀gbẹ́, níbi tí ike àti alumíníọ̀mù ti pàdé. Àwọn ìfófòó kékeré ń jáde níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Eyín irin kéékèèké ló di ike náà mú yíká, róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lábẹ́ wọn. Róbà yẹn ti kú. Ó yí rédíétọ̀ náà padà, ó fi ọwọ́ tó ti dúdú fún òjé tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi tí ìfun kan ti ń jò láàárín ewé alumíníọ̀mù, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó wà láàárín àwọn ìfun. Ó fi àtàǹpàkò ra ewé náà, ó sì rún sínú omi bí èérún búrẹ́dì. Ibi mẹ́ta ló ti ń jò, ẹni tó fi gọ́ọ̀mù sí i kò rí ju ọ̀kan lọ nítorí pé kò tú u.

“Bí mo bá gba owó yín lórí èyí,” ni bàbá wí, “olè ni mo jà.” ₦2,000 ló gbà fún àyẹ̀wò náà, kò gba kọ́bọ̀ lé e.

Nígbà tí mo jókòó níbẹ̀, ó ń parí iṣẹ́ lórí rédíétọ̀ Peugeot 504 kan, irú ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti yé mi yékéyéké. Rédíétọ̀ ayé àtijọ́, bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe é, òjé ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohun tí a fi òjé lẹ̀, a lè fi iná yọ òjé rẹ̀, kí a ṣí i, kí a tún un ṣe, kí a sì tún fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ti fi iná gáàsì yọ àwo idẹ òkè kúrò, ó sì ń fi ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan gún inú ìfun kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ pupa sì ń jáde sórí ilẹ̀. Ìfun kan ti jẹ kọjá àtúnṣe. Ó fi òjé dí i lókè àti nísàlẹ̀, ó ní ọ̀kan tí a dí kò lè pa ìyókù lára. Lẹ́yìn èyí ó fi ásíìdì nu ojú idẹ, ó yọ́ òjé sí i yíká, ó sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìfófòó kankan kò jáde. ₦15,000 ni olówó ọkọ̀ san, mo sì gbà pé owó rẹ̀ kò ṣòfò, nítorí pé èyí tí yóò rí rà lọ́jà ní ipò rẹ̀ lè má dára tó ohun tó ní lọ́wọ́.

Bàbá yìí sọ pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, àwọn Volkswagen Ìjàpá ló kún títì, wọn kò sì mú kọ́bọ̀ wá fún ọ̀gá òun, nítorí pé atẹ́gùn ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì wọn, wọn kò ní rédíétọ̀ rárá. Idẹ ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò, ike ló sì ń pa á lọ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ẹni tó mọ ohun tí kò ṣeé tún ṣe ṣọ̀wọ́n ju ẹni tó lè tún nǹkan ṣe lọ.

Ohun kan ṣì kù tó fi hàn mí, tí mo rò pé gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọtomátíìkì gbọ́dọ̀ mọ̀. Nísàlẹ̀ rédíétọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu kéékèèké méjì wà. Epo jíà ló ń gba ibẹ̀ wọlé tó sì ń gba ibẹ̀ jáde, nínú ọ̀pá kan tó sùn sínú omi rédíétọ̀ kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí ọ̀pá yìí bá lu nínú, ẹ kò ní rí omi kankan nílẹ̀. Omi á wọ inú epo jíà, epo jíà á wọ inú omi, jíà á sì bàjẹ́ kí olówó ọkọ̀ tó mọ̀. Bàbá fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀pá yìí lọ́tọ̀. Tèmi kò lu. Ó ní bí mo bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí n má gbé e kúrò lọ́jà láìjẹ́ pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò méjèèjì fún mi lójú mi.

Ibi kẹta ni ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, níbi tí gbogbo wa ní Ìbàdàn ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo gbé rédíétọ̀ àtijọ́ náà dání, mo sì rọ̀ yín kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kò tó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọtomátíìkì lè délé kó rí i pé èyí tí òun rà kò ní ẹnu epo jíà. Ọlọ́jà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbé tòkunbọ̀ méjì jáde, ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦45,000, lẹ́yìn náà ó gbé tuntun kan jáde nínú páálí, tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, ó pè é ní ₦85,000.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tòkunbọ̀ ojúlówó sàn ju tuntun Ṣáínà lọ, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ṣì gbà á lórí ẹ̀yà ara ọkọ̀ mìíràn. Lórí rédíétọ̀ oníke, n kò gbà á mọ́. Ike ara tòkunbọ̀ náà lè ti lo ogún ọdún nínú ooru kan náà tó pa tèmi. Ọkọ̀ kan náà ni, ọdún kan náà ni. Yàtọ̀ sí èyí, ní àwọn ìlú òtútù tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà sì máa ń jẹ ewé alumíníọ̀mù. Mo fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ tòkunbọ̀ kìíní bí bàbá ti ṣe, ó rún. Ti èkejì kò rún, ṣùgbọ́n ike òkè rẹ̀ ti yí padà láti dúdú sí àwọ̀ ilẹ̀, èyí tó jẹ́ àmì pé ooru ti sè é. Ó dà bí ẹni pé kí n san ₦45,000 fún ọjọ́ tí n kò mọ̀ tí yóò tún sán.

Ohun tí mo yìn lára ọlọ́jà yìí ni pé kò fi ìbínú gba àyẹ̀wò mi. Ó ní dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó tẹ tuntun náà sínú omi lójú mi, ó ṣe ti epo jíà lọ́tọ̀. Ó sọ kedere pé tòkunbọ̀ kò ní àdápadà bí ó bá ti kúrò ní ìsọ̀, pé tuntun ní oṣù kan bí ó bá jò fúnra rẹ̀, ó sì kọ oṣù kan náà sórí rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó. A ná an dé ₦78,000. Ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ ní ọjà yẹn. Ẹni tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ yẹ ní ẹni tí a ń padà lọ bá.

Tuntun náà ní àléébù, n kò sì ní fi pamọ́. Ike rẹ̀ tinrin ju ti àtijọ́ lọ. Bí mo ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rọ díẹ̀. N kò retí kí ó lo ogún ọdún. Ọ̀kan nínú ihò tí bóòtù fáànù ń gbà kò bá ti ọkọ̀ mi mu, mẹkáníìkì ní láti fi fáìlì fẹ̀ ẹ́. Ìdérí tó bá a wá fúyẹ́ lọ́wọ́, sípíríǹgì inú rẹ̀ kò le, nítorí náà mo ra ìdérí gidi lọ́tọ̀ ní ₦6,500. Mo gba gbogbo ẹni tó bá ra irú rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bákan náà, nítorí pé ìdérí tí kò lágbára á jẹ́ kí omi hó kó tó yẹ kó hó, èyí tó sì ti dì kò ní jẹ́ kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù rí ibi jáde, ike tinrin yẹn ló sì máa kọ́kọ́ gba ìyà rẹ̀.

Nígbà tí à ń fi sí i, mẹkáníìkì mi fẹ́ yọ tàmọ́sítáàtì dànù, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀ nínú wọn níbí, ó ní orílẹ̀-èdè olóoru ni wá. N kò gbà fún un. Ohun kékeré yẹn máa ń pa ọ̀nà omi dé títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé nǹkan bí 82°C, kó tó ṣí i. Ọkọ̀ tí kò ní in á máa ṣiṣẹ́ ní tútù fún ìgbà pípẹ́, á máa jẹ epo, bẹ́ẹ̀ ni kò wo àrùn tó ń mú ọkọ̀ gbóná sàn. A fi omi ṣan inú ẹ́ńjìnnì títí èyí tó ń jáde fi mọ́. A da kúláàǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, àti omi mímọ́ sí i ní ìdajì-ìdajì, a kò lo omi kànga, nítorí pé èròjà inú rẹ̀ máa ń dì mọ́ inú ìfun bí ó ti máa ń dì mọ́ inú kẹ́tù. A fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, a tan ẹ́ńjìnnì, a sì ń fi ọwọ́ fún róbà òkè títí atẹ́gùn inú rẹ̀ fi jáde tán tí fáànù fi tan fúnra rẹ̀. Kúláàǹtì tó ṣẹ́kù, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí pé ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn.

Ní ti èwo ni kí ènìyàn ṣe, ohun tí mo gbà báyìí kò ṣòro. Bí rédíétọ̀ yín bá jẹ́ ti idẹ, ẹ wá irú bàbá tí mo sọ yìí rí, kí ẹ sì fi owó fún un pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oníke, tó sì jẹ́ pé róbà, ìdérí tàbí ìdè rẹ̀ ló ń jò, ẹ ra ohun kékeré náà, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní odindi. Ṣùgbọ́n bí ike fúnra rẹ̀ bá ti lè sán ní ojú kan, ojú kejì ń bọ̀ lọ́nà, tuntun ni kí ẹ rà bí agbára bá wà. Bí kò bá sí, tòkunbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú omi lójú yín ni. Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó ti gbó tó báyìí kò yẹ ní ẹni tí à ń ra rédíétọ̀ ₦78,000 fún. Èmi wò ó pé owó gọ́ọ̀mù àti owó tí mo fi wọ́ ọkọ̀ jẹ́ ₦44,000, kò sì sí ohunkóhun lọ́wọ́ mi tí mo lè tọ́ka sí pé òun ni mo fi rà.

Oṣù karùn-ún rèé tí rédíétọ̀ tuntun náà ti wà nínú ọkọ̀. Mo ti gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ọwọ́ géèjì kò kúrò ní ìdajì. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo máa ń wo ìlà tó wà lára ike omi, mo sì máa ń fa ọ̀pá epo jíà jáde láti wo àwọ̀ rẹ̀. Pupa ni ó ṣì jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bóòtù fáànù tí wọ́n fẹ ihò rẹ̀, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí mo bá gba orí gẹ́lọ́pù. Mo ti ra wáṣà méjì sílẹ̀ fún un, Sátidé tó ń bọ̀ la óo dè é.